Kó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Ẹni

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Afghánístàn tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí ìjọba náà máa kó wọn jáde kúrò lábẹ́ àwọn Taliban. Ẹni tó fi ímeèlì náà ránṣẹ́ kó gbogbo àdírẹ́sì wọn sí ojú kan tí olúkúlùkù ti lè rí ti ẹnì kejì rẹ̀, dípò ibi tó ń fi orúkọ pamọ́. Báyìí ni ìsọfúnni nípa èèyàn 245 ṣe tú síta. Àwòrán ojú àwọn 55 nínú wọn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì wọn. Àwọn méjì fèsì fún gbogbo àwùjọ náà, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ibi tó wà. Ó rọrùn láti fojú inú wo ohun tí irú àkójọ orúkọ bẹ́ẹ̀ lè dà bó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń sá fún. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà rí àṣìṣe yìí, ohun tí wọ́n rí ṣe ni pé wọ́n fi ímeèlì mìíràn tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, wọ́n ní kí àwọn tó gbà á jọ̀wọ́ pa á rẹ́, kí wọ́n sì wá àdírẹ́sì tuntun. Ìjọba tó ní ọmọ ogun, tó ní amí, tó ní ilé ẹjọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kù sí i lọ́wọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni nílẹ̀ náà bu owó ìtanràn 350,000 pọ́n-ùn lé iléeṣẹ́ ọ̀hún.

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló yẹ kí á wò dáadáa, torí pé òun gan-an ni fóònù wa ń bẹ̀ nígbà tó bá ní òun ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í jókòó sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà mọ́ tó bá ti dé ibi tó ń lọ. Orí fóònù ẹni tó gbà á ló ń gbé. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá wá tẹ ibi ìparẹ́, iṣẹ́ mìíràn ni fóònù rẹ̀ ń rán tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, pé kí áàpù tó wà lọ́hùn-ún yọ ọ̀rọ̀ báyìí-báyìí kúrò. Áàpù tó bá ń gbọ́ràn á yọ ọ́. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe kó má gbọ́ràn, irú GBWhatsApp tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nílẹ̀ wa láìka ìkìlọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni WhatsApp sí, á fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Fóònù Android láti ẹ̀dà 11 tó jáde lọ́dún 2020 ní ibi tí èèyàn ti lè ṣètò pé kó máa tọ́jú gbogbo ìfitónilétí tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti pa rẹ́ sì lè wà nínú wọn. Ẹni tó ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, ẹni tó ti ta ọ̀rọ̀ náà látaré fún ẹlòmíràn, ẹni tí fọ́tò ti wọ inú àkójọ àwòrán rẹ̀, gbogbo wọn ló ṣì ní i lọ́wọ́. Àmì tó máa ń kù sílẹ̀ pé wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ tilẹ̀ máa ń mú kí àwọn tí kò kà á tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Ti ímeèlì tún le ju èyí lọ, nítorí pé ó ń ti orí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sórí ti òmíràn, tí ẹni tó kọ ọ́ kò sì láṣẹ kankan lórí ẹ̀rọ kejì. Ìdí nìyẹn tí ètò ìpèpadà tó wà nínú Outlook kò fi ń ṣiṣẹ́ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ẹni. Ẹni tó bá fi í pe ímeèlì tó ti lọ sọ́dọ̀ oníbàárà ní ilé iṣẹ́ mìíràn kò pe ohunkóhun padà. Gmail ló wá ọgbọ́n mìíràn dá. Lọ́dún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde fún ìdánwò, kó tó di ti gbogbo èèyàn lóṣù Kẹfà ọdún 2015. Èèyàn á tẹ ibi ìfiránṣẹ́, Gmail á sì ní òun ti rán an, ṣùgbọ́n kò tíì rán an. Ó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, tàbí 10, tàbí 20, tàbí 30, bí onítọ̀hún bá ṣe fẹ́. Bó bá ní òun ò rán an mọ́ láàárín àsìkò yìí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nílé, kò sí ẹni tó rí i, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ìmúpadà, èyí nìkan ni kò ní ẹ̀tàn nínú. Òun ni mo fi ń sọ pé ibi ìdádúró ṣáájú ló yẹ kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí náwó nára sí. Kí agbára ìparẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dé wà, ṣùgbọ́n kó kúrú, kó sì máa fi àpá sílẹ̀.

Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Nígbà tí WhatsApp gbé ìparẹ́ fún gbogbo èèyàn jáde ní ìparí ọdún 2017, ìṣẹ́jú 7 péré ni wọ́n fún èèyàn. Lọ́dún 2018 ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2022 ó lé ní ọjọ́ méjì. Telegram ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2019, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lè pa ọ̀rọ̀ yòówù rẹ́ lórí fóònù àwọn méjèèjì, ìgbà yòówù tí wọ́n ti kọ ọ́, àti èyí tó kọ àti èyí tí ẹnì kejì rẹ̀ kọ, láìsí àmì kankan pé ohun kan wà níbẹ̀ rí. Apple ní tirẹ̀ fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń dán iOS 16 wò lọ́dún 2022, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mú àtẹ̀jíṣẹ́ padà. Agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣojú àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ, kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà pé àwọn tó ń dúnkookò mọ́ èèyàn ni ètò yìí máa gbè: wọ́n á rán ìdúnkookò, ẹni tí wọ́n rán an sí á kà á, jìnnìjìnnì á bò ó, ẹ̀rí á sì ti pòórá kó tó rí i fi han ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iOS 16 jáde lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó bá sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, ẹni tó gbà á lè rí bó ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ta ni ọjọ́ méjì wà fún gan-an? Àṣìṣe ọwọ́ kì í pẹ́ hàn. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ tó wá kọ ọ́ sínú gúrúùpù ìjọ ń mọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹni tó ṣi nọ́ńbà àkáǹtì kọ ń rí i bó bá ṣe ń tún un kà. Ohun tí èèyàn ń pa rẹ́ lọ́jọ́ kejì kì í sábà jẹ́ àṣìṣe ọwọ́ mọ́. Ó ti di ohun tí ó kábàámọ̀, tàbí ohun tí ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi mú òun. Àwọn kan á ní ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìbínú lóru lè má ronú pìwà dà títí ilẹ̀ á fi mọ́, àti pé ìwà ìkà ni kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo gbà pé ìfẹ́ láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe dára. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ náà tó mọ́, ẹni tí wọ́n bú ti kà á. Ìparẹ́ kò lè mú un kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohun tó máa tọ́ka sí nígbà tó bá ń sọ pé wọ́n bú òun, tí ẹni tó bú u sì ń sẹ́. Ẹni tó bá ti ronú pìwà dà lóòótọ́ lè tọrọ àforíjì níwájú ọ̀rọ̀ tó sọ, àforíjì bẹ́ẹ̀ sì máa ń wọ ènìyàn lára ju kó kàn bá àyè tó ṣófo lọ.

Lórílẹ̀-èdè wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú lásán. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọ ilé ẹjọ́, bó bá ti bá àwọn ìlànà tó wà níbẹ̀ mu. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ọdún 2015 sì ka fífi ẹ̀rọ dúnkookò mọ́ èèyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn òfin méjèèjì kò ní wúlò fún obìnrin tí ọkọ àárọ̀ rẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ bí ọkùnrin náà bá lè fi àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan nu ìhàlẹ̀ kúrò lórí fóònù àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ owó ilé, àti ọ̀rọ̀ àjọ. Ọ̀pọ̀ àdéhùn tó jẹ́ pé ìwé àti ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló ti di ìlà méjì lórí WhatsApp báyìí: "Mo ti gbà á, màá dá a padà lópin oṣù." Ẹni tó kọ ọ́ ní ọjọ́ méjì láti yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó yá a lówó kò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ya àwòrán ojú fóònù lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́gbọ́n àti ẹni tó ń fura ni ètò bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò, nígbà tó ń fìyà jẹ ẹni tó gba ọmọnìkejì rẹ̀ gbọ́.

Àwọn tó wà nípò àṣẹ tún mú kí ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Lóṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ìjòyè ìjọba Amẹ́ríkà jíròrò ìkọlù tí wọ́n fẹ́ ṣe sí Yemen nínú gúrúùpù kan lórí Signal, wọ́n sì ti ṣètò àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà kó máa parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àṣìṣe ló mú kí wọ́n fi Jeffrey Goldberg, olóòtú ìwé ìròyìn The Atlantic, kún àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ará ìlú mọ̀, òun náà ló sì fa á tí adájọ́ James Boasberg fi pàṣẹ pé kí wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n sọ láàárín ọjọ́ 11 sí 15 oṣù náà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó dá gúrúùpù yẹn sílẹ̀ lágbára láti wọ inú fóònù akọ̀ròyìn, kó sì nu gbogbo rẹ̀ láìfi àpá sílẹ̀, kì bá tí sí ohun tí adájọ́ máa pàṣẹ lé lórí.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni ti àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ èèyàn, ti èèyàn ni, ó sì yẹ kó lè ṣe é bó ṣe wù ú. Wọ́n á tún fi òfin kún un: òfin ààbò ìsọfúnni ilẹ̀ Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018, fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa ìsọfúnni rẹ̀ rẹ́, òfin irú rẹ̀ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 náà sì ní ẹ̀tọ́ yìí nínú. Ẹ̀tọ́ tó dára ni, èmi náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n ń fi lé: ilé iṣẹ́, báńkì, ilé ìwòsàn, àwọn tó ń kó ìsọfúnni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ. Àwọn òfin méjèèjì ló yọ ohun tí èèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí èyí tó ní kí ọ̀rẹ́ máa jó lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ bá yí ọkàn padà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹ ti di ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. O ní ẹ̀tọ́ láti rántí rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lórí fóònù rẹ sì jẹ́ ara ìrántí náà.

Ti àwòrán ìhòòhò ló ṣòro jù, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí olólùfẹ́, tí ìfẹ́ náà wá bàjẹ́, ní ìdí gidi láti fẹ́ kó kúrò lọ́hùn-ún. Síbẹ̀ ọjọ́ méjì kò ràn án lọ́wọ́, torí pé ìfẹ́ kì í sábà bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni ohun tó bá yàn kó tó fi ránṣẹ́, irú ètò wíwò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí WhatsApp gbé jáde lọ́dún 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù kejì ṣì lè ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òfin ló kù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ọdún 2015 pé kí ẹnikẹ́ni máa tan irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kálẹ̀ láti fi pa ẹni tó ni ín lára. Ibi tí ọwọ́ ìjọba ti yẹ kó le nìyẹn, lórí ẹni tó ń tan án kálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ìdádúró ti ṣe, torí kì í ṣe àlá. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wà ní Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìlú kan lóru pé kí èèyàn mu omi iyọ̀, kó sì fi wẹ̀, kí àrùn náà má bàa ràn án. Àwọn òbí pe ọmọ, ọmọ pe òbí, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń tan án kálẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n mu omi iyọ̀. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lágbára láti pa tirẹ̀ rẹ́, kí ni ìyẹn ì bá mú padà? Ẹ̀dà tó ń pa èèyàn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí WhatsApp wá kojú irú ìṣòro yìí lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀nà ìdádúró ni wọ́n gbà. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ọ̀rọ̀ látaré sí ibi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, káàkiri àgbáyé. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n dín in kù sí ibì kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ tó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Twitter náà dán tirẹ̀ wò: bí èèyàn bá fẹ́ fi èsì tó le ránṣẹ́, ẹ̀rọ á bi í bóyá ó dá a lójú. Nígbà tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2021, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi ló tún ọ̀rọ̀ wọn kọ tàbí tí wọn kò rán an mọ́. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n fi ṣe é. Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, lẹ́yìn ìjàǹbá ọdún 2021, fi lélẹ̀ pé kí ẹlòmíràn máa yẹ ímeèlì wò kó tó lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Gbogbo wa ni a sì ti ń lo irú rẹ̀ láìkà á sí nígbà tí a bá ń fi owó ránṣẹ́. Bí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sórí áàpù báńkì ní Nàìjíríà, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì náà ló máa kọ́kọ́ jáde, kó tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Gbogbo èèyàn mọ wàhálà tó wà nínú gbígba owó padà lọ́wọ́ ẹni tí a ṣì í fún, nítorí náà ojú ọ̀nà ni wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí. Kò sí ẹni tó ń ráhùn pé orúkọ tó ń jáde yẹn ń fi àkókò òun ṣòfò.

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe owó, pé bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ìtàkúrọ̀sọ á kú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí "ẹ káàárọ̀ mà" dúró fún ohunkóhun, ẹni tó ń pe ìpè pàjáwìrì kò sì yẹ kó dúró rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó mọ̀ pé gúrúùpù kan ní igba èèyàn, tó mọ̀ pé fọ́tò ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, tó mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kẹ́yìn, lè fi orúkọ gúrúùpù náà hàn mí gàdàgbà kó tó gbé e lọ. Ó lè di ọ̀rọ̀ tó ní nọ́ńbà àkáǹtì tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kó sì jẹ́ ẹni tó ni fóònù ló máa yan ibi tó fẹ́ kó ti dúró àti bó ṣe máa pẹ́ tó, gẹ́gẹ́ bí Gmail ṣe ń ṣe é.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe nínú ìparẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí. WhatsApp kọ ọ́ sínú ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ lè má parẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó gbà á, àti pé wọn kò ní sọ fún ẹni tó pa á rẹ́ bí kò bá ṣiṣẹ́. Èyí ni mo rí bí àìdáa tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó ń fi ẹni tó ṣàṣìṣe sínú ìgbàgbọ́ èké ní àkókò tó yẹ kó ti máa wá nǹkan ṣe. Áàpù tó lè fi àmì méjì aláwọ̀ búlúù hàn mí pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ mi lè fi hàn mí pé àṣẹ ìparẹ́ kò tíì dé orí fóònù mẹ́ta nínú ogójì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó bá ṣèèṣì fi ìsọfúnni káàdì báńkì ẹgbẹ́ sínú gúrúùpù, tó sì rí i pé fóònù mẹ́ta ṣì ní i, kò ní lọ sùn. Á pe báńkì lóru náà pé kí wọ́n ti káàdì náà pa.